Fúráídè ní Texas, Sátidé ní Ìbàdàn

Ní ìlú tí a ń gbé ní àríwá Dallas, tí aago méje alẹ́ Fúráídè bá ti lù ní oṣù kẹsàn-án, ẹ má wulẹ̀ wá ẹnikẹ́ni lọ sílé. Gbogbo wọn ti lọ sí pápá. Kì í ṣe pápá àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun o, pápá ilé ìwé girama ni. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, mẹ́tàdínlógún, tí wọ́n dé akoto, tí wọ́n ki tìmùtìmù bọ èjìká, ni tàgbà-tèwe ń tìtorí wọn ké bí ẹni tí ilé ń jó. Ọmọ mi ọkùnrin wà láàárín wọn. Èmi wà lẹ́yìn káńtà, mò ń ta omi àti gúgúrú, nítorí pé ẹgbẹ́ àwọn òbí ti pín iṣẹ́ fún kálukú. Wọn ò bi mí bóyá mo ti sùn lẹ́yìn iṣẹ́ òru ní ọsibítù.

Ní Wẹ́sídeè ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, tíṣà Kẹ́mísírì pe àwọn òbí sí ìpàdé. A ò ju mẹ́sàn-án lọ nínú yàrá, àjèjì sì ni púpọ̀ nínú wa: àwọn ará Íńdíà, tọkọtaya ará Ṣáínà kan, èmi, àti ìyá kan tó wá láti Gánà. Tíṣà náà ti ra bisikíìtì tó lè tó ogójì èèyàn. Nígbà tí ìpàdé parí, ó rọ ìyókù sínú ọ̀rá, ó ní kí n máa gbé e lọ fún àwọn ọmọ.

Ẹni tí kò dé ibí rí lè ní àsọdùn ni mò ń sọ. Ní Allen, tí kò jìnnà sí wa, pápá ilé ìwé girama tí wọ́n ṣí ní 2012 gba èèyàn 18,000, 60 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n sì ná lé e. Kò ju ọdún méjì lọ tí kọnkéré rẹ̀ fi sán. Wọ́n tì í pa ní 2014, wọ́n tún un ṣe, wọ́n ṣí i padà lọ́dún kejì. (Àwọn kọngílá wa nílé á gbọ́ èyí, wọn á ní ṣé àwọn nìkan kọ́.) McKinney tó múlé ti Allen wá kọ́ tirẹ̀ ní 2018 ní nǹkan bí 70 mílíọ̀nù.

Mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àròyé pé kí wọ́n kó irú owó bẹ́ẹ̀ fún àwọn tíṣà kí aládùúgbò mi kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó dá mi lẹ́kun. Ó ní owó tí àwọn ará ìlú dìbò pé kí wọ́n yá fi kọ́lé ni, òfin ò gbà kí wọ́n fi san owó oṣù ẹnikẹ́ni. Ó yé mi. Àmọ́ wọ́n kúkú dìbò fún un. Kò sí ẹni tó ti ìka wọn bọ inú tàdáwà. Ọ̀pọ̀ kóòṣì àgbà ní àwọn ilé ìwé ńlá Texas ló sì ń gba ju 100,000 dọ́là lọ lọ́dún, tíṣà tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò kò sún mọ́ ọn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kóòṣì náà ni wọ́n máa sọ di tíṣà. Ẹni tó kọ́ ọmọ mi ní ìtàn lọ́dún tó kọjá, tó bá ti di Mọ́ńdè, fídíò eré Fúráídè ló máa ń wò lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ bá ń kún àlàfo inú bébà.

Ní ibi iṣẹ́, tí wọ́n bá ti gbọ́ pé Nàìjíríà ni mo ti wá tí ọmọ mi sì ń ṣeré ìdárayá, Hakeem Ọlájuwọ́n ni wọ́n máa dárúkọ. Òótọ́ ni, ọmọ Èkó tó dé Houston ní 1980, tó bá ìlú náà gba ife NBA, ti bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, ní 1994 àti 1995. Àmọ́ àwọn NCAA, àjọ eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, fúnra wọn ló ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé nínú àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù wọn yìí ní yunifásítì pàápàá, àwọn tó ń dé NFL, níbi tí wọ́n ti ń fi í jẹun, kò tó 2 nínú 100. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ọmọ mi ti fi àwòrán ẹgbẹ́ rẹ̀ bò ó.

Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe tọ́ èmi ní Ìbàdàn. Bàbá mi wà lára àwọn ọmọ tó wọ ilé ìwé ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955, àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n na ọwọ́ gba orí kọjá kó kan etí kejì kí wọ́n tó gbà pé wọ́n tó ọmọ ilé ìwé. Títí dòní ló máa ń fi ọwọ́ náà hàn wá. Lójú tirẹ̀, ìwé ló yọ òun nínú oko kòkó, ohunkóhun tó bá sì fẹ́ gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ, olè ni. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá lọ mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ó mọ̀ ọ́n gbá débi pé tíṣà kan wá bẹ bàbá wa nílé kó jẹ́ kó bá wọn lọ sí Principals' Cup. Bàbá fún un ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó ní òun ti gbọ́. Tíṣà ò tíì dé títì tí ẹgba fi bẹ̀rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, abẹ́ tábìlì ìyá alákàrà tó wà lẹ́bàá ilé ìwé ni ẹ̀gbọ́n mi ń tọ́jú bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀ sí. Òórùn ló tú u fó. Ó wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń run epo gbígbóná àti àlùbọ́sà. Bàbá gbé imú sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní, "Ta ló dín ọ?"

Bàbá yìí kan náà kì í pa Shooting Stars jẹ ní pápá Liberty. Nígbà tí Ṣẹ́gun Ọ̀dẹ́gbàmí gbá méjì wọlé Algeria ní Sùúrùlérè ní oṣù kẹta ọdún 1980, tí Múdà Lawal fi ẹyọ kan lé e, tí a gba ife Áfíríkà, ó ní òun jó dé títì. Tí ẹ bá bi í pé kí ló wá dé tó ń na ọmọ, ìdáhùn ti wà lẹ́nu rẹ̀: "Ọ̀dẹ́gbàmí kàwé jáde ní Poly Ìbàdàn. Ẹ ò gbọ́ orúkọ tí wọ́n ń pè é ni? Mathematical!" Pé iṣẹ́ mẹkáníìkì ni Múdà Lawal ń ṣe kí bọ́ọ̀lù tó sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká, ìyẹn kì í sí nínú ìtàn tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti di akáńtáǹtì l'Ékòó báyìí, ó sì ti yọ ikùn.

Nǹkan ò tíì yí padà púpọ̀ nílé. Ilé ìwé tí àwọn ọmọ àbúrò mi ń lọ ní Ìbàdàn, ilé alájà mẹ́ta ni, kò ní pápá. Ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí ni wọ́n ti ń sáré. Pápá ìyálò ni wọ́n fi ń ṣe inter-house, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, àwọn òbí á sì fi aṣọ díje ju bí àwọn ọmọ ṣe ń sáré lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé, lẹ́sìn, ìwé. Èyí tó fẹ́ ṣe JAMB ń jáde ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ó ń wọlé ní mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ó mọ ìṣirò tí ọmọ mi ò mọ̀. Ẹ̀yìn tún ń dùn ún lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún, èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì kò sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ohun kan wà tí mo gbà fún Texas ṣá. Ní 1984 ni gómìnà Mark White fọwọ́ sí òfin tí Ross Perot, olówó kọ̀ǹpútà ará Dallas, ti jà fún: ọmọ tó bá gba ohun tó dín sí 70 nínú iṣẹ́ kankan, kò gbọdọ̀ bá wọn ṣeré fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọ́n ti dín in kù sí mẹ́ta. White fìdí rẹmi nínú ìbò 1986, ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà pé ìbínú àwọn kóòṣì wà níbẹ̀.

Lóṣù kẹwàá tó kọjá, ọmọ mi gba 68 nínú Kẹ́mísírì. Inú mi dùn, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó mọ̀. Láti ọdún mẹ́ta, tíṣà kan ò pè mí rí lórí fóònù. Kóòṣì pè mí kí wákàtí méjì tó pé. Ó ní kí n máa gbé e wá ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, òun ti bá ẹni tí yóò máa kọ́ ọ sọ̀rọ̀. Mo ń gbé e lọ. Ọmọ tí mo ti fi ẹnu mi gbígbẹ bẹ̀ títí bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé nínú ọkọ̀, ó ń ka ìwé níbi tó ti ń jẹun. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, ó ti gun 77. Ẹgba bàbá mi ò lè ṣe irú rẹ̀.

Mo sọ fún ìyá ará Gánà yẹn nígbà tí a pàdé níbi tí a ti ń ra ẹja. Ó wò mí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí kì í gbá nǹkan kan, tí kì í lù nǹkan kan, gba 66 nínú ìdánwò kan náà. Kò sẹ́ni tó pè é. Orí èsì tí wọ́n fi ránṣẹ́ ló ti rí i, kò sí ẹni tó ní kó gbé e wá láàárọ̀. Ilé ìwé kan náà ni, tíṣà kan náà. Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ, mo bá ń yí ẹja ọwọ́ mi síwá sẹ́yìn.

Ní Fúráídè tí ọmọ mi padà sórí pápá, mo pe bàbá mi lórí WhatsApp. Aago kan ààbọ̀ òru ni níbẹ̀, Sátidé ti wọlé tọ̀ wọ́n wá. Ó jókòó nínú òkùnkùn pẹ̀lú jígí rẹ̀.

"Kí ló dé tí wọ́n ń wó lu ọmọ yẹn?"

Mo ní, "Bàbá, bí wọ́n ṣe ń gbá a nìyẹn, sà."

"Èló ló gbà nínú Kẹ́mísírì?"

Mo ní ó ti di 77, sà. Ó dákẹ́. Mo ti ń retí ọ̀rọ̀ Mathematical.

"Gbé fóònù yẹn sókè dáadáa," ló wí, "orí ẹnì kan ń dí mi lójú."