Ọ̀rọ̀ Inú Ìlù Ni Àgbà Bá Wá

Ọjọ́bọ̀, Ògbómọ̀ṣọ́.

Òjò rọ̀ láàárọ̀, awọ gángan sì ti dẹ̀. Ní irú ọjọ́ báyìí, onílù tó mọṣẹ́ kì í dé ibi eré ní aago mẹ́rin kó bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Á tètè dé, á gbé ìlù sóòrùn. Bí oòrùn kò bá yọ, á yá a níná láti òkèèrè kí awọ má baà ya. Á máa fi kọ̀ǹgọ́ tọ́ ọ wò títí dò, re, mí yóò fi dá yàtọ̀ síra. Bí awọ bá dẹ̀, mí rẹ̀ kì í ga tó, ìlù á wá máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn. Ọ̀dọ́ tó wá jó lè má fura. Ẹni àádọ́rin ọdún á fura, torí ọ̀rọ̀ tí ìlù ń sọ ló bá wá.

Ibi tí àwọn onílé fàájì ti ń ṣìnà nìyí. Wọ́n ń fẹ́ kí àwọn àgbà máa wá gbọ́ orin lọ́dọ̀ wọn, wọ́n wá lọ ra sípíkà tó tóbi sí i. Ohùn tín-ín-rín ló kọ́kọ́ máa ń bọ́ mọ́ etí àgbà lọ́wọ́: s, ṣ, f, k, àwọn tó ń jẹ́ ká mọ ọ̀rọ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì. Béèsì ṣì ń wọlé dáadáa. Tí ẹ bá gbé gbogbo rẹ̀ sókè pọ̀, béèsì á bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, ariwo á sì máa ro bàbá létí. Ẹ fa béèsì àti àkúbà wálẹ̀, ẹ jẹ́ kí ohùn olórin àti gángan wà lókè. Níbi àga àkọ́kọ́, kó má kọjá decibel 80 (decibel ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ròkè tó). Áàpù orí fóònù lè wọ̀n ọ́n, bí kò tilẹ̀ péye tán. Decibel 100 ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fi ṣe òpin fún ibi eré ní 2022, ṣùgbọ́n òpin ààbò etí nìyẹn. Kò sí bàbá tó lè fi ìwọ̀n yẹn gbọ́ òwe.

Sípíkà kékeré méjì lórí ẹsẹ̀, tó ga ju orí ẹni tó jókòó, sàn ju ràgàjì kan tó wà nílẹ̀. Kí máìkì wà lẹ́yìn wọn. Bó bá dojú kọ wọ́n, híhan ló máa ń han. Máìkì ti gángan, ẹ fi ààyè ìka mẹ́rin sí àárín òun àti awọ, kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe ọ̀gangan ibi tí kọ̀ǹgọ́ ń bà. Ilé onípáànù tí wọ́n tẹ́ táìsì sí máa ń dá ohùn padà, ẹ fi aṣọ nípọn kọ́ ògiri ẹ̀yìn. Àga tó ní apá ni kẹ́ ẹ lò. Kí ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ má ní àtẹ̀gùn.

Sátidé kọ́ ni ọjọ́ àwọn àgbà. Òde ìnáwó ti gba Sátidé, ó gba olórin, ó gba àwọn àgbà náà. Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin sí méje ààbọ̀, dára jù, kẹ́ ẹ sì dánu dúró fún ìrun Mọ̀ǹgàríbì. Kí ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí wà lójú ọ̀nà mìíràn: ìlú tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi ti wà láti 1898, ọ̀pọ̀ bàbá kò ní jókòó ti ìgò bíà. Oúnjẹ kò le. Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété náà ni, níbi tí wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan.

Ní ti orin, ẹ ṣírò ọjọ́ orí. Orin tí èèyàn gbọ́ láàárín ọmọ ọdún 15 sí 25 kì í tán lára. Ẹni ọdún 75 ń retí I.K. Dairo àti Haruna Ishola. Ẹni 55, fújì Barrister ló bá dàgbà. Ìlọrin kò sì jìnnà sí wa, ẹ má gbàgbé dadakúàdà Odolaye Aremu.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa lẹ owó mọ́ olórin lórí. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tàbí ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì, sí i. Kí wọ́n fi owó sínú àpò ìwé, ó tó. Ohun kan tún wà tó ju òfin lọ: níbi ìnáwó, ẹni tó ń náwó nìkan ni wọ́n ń kì. Níbi tiyín, kí gbogbo tábìlì gba tiẹ̀. Ẹ bèèrè oríkì lẹ́nu ọ̀nà, ẹ kọ ọ́ sórí bébà kékeré, ẹ fún onílù.

Ẹ bèèrè orílẹ̀, ìyẹn orúkọ ìran wọn, pẹ̀lú. Àkànní, dò, dò, mí. Àdùkẹ́ náà, dò, dò, mí. Ìlù nìkan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Orílẹ̀ tí onílù bá fà gùn tẹ̀ lé e, Oníkòyí tàbí Ọ̀pómúléró, ló ń sọ ẹni tó ń bá wí. Bí mí bá ga dáadáa, tí béèsì sì yọwọ́, Ìyá Àdùkẹ́ á ti nawọ́ sókè kí gángan tó parí gbólóhùn.