Òkúta Malachite Kan, Ọ̀nà Ìlọ̀ Mẹ́ta

Ọjọ́ Kìíní

Èròǹgbà mi ni láti sọ òkúta malachite kékeré kan di ìyẹ̀fun tí mo lè fi po ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Mo fi aṣọ tó nípọn wé e kí àfọ́kù rẹ̀ má baà ta sí mi lójú, mo fi òòlù fọ́ ọ wẹ́wẹ́, mo sì jókòó láti ṣa quartz, òkúta funfun líle tó lẹ̀ mọ́ ọn, kúrò. Sùúrù mi tán kí n tó ṣà á tán.

Ọjọ́ Kejì

Odó irin ni mo kọ́kọ́ lò, nítorí pé ó wúwo, ọmọ odó rẹ̀ sì ń fọ́ òkúta kíákíá. Ìyẹ̀fun tó jáde kúná, ṣùgbọ́n ó ṣú bí ẹni pé wọ́n da eérú sí i. Mo wé irin òòfà sínú bébà, mo rọra gbé e kọjá lórí rẹ̀, irun dúdú tín-ín-tín-ín sì lẹ̀ mọ́ ọn. Lórí òṣùwọ̀n Mohs tí wọ́n fi ń mọ bí òkúta ṣe le tó, malachite wà láàárín 3.5 sí 4, quartz sì wà ní 7. Quartz tí mo ṣọ̀lẹ láti ṣà ló ti họ inú odó.

Ọjọ́ Kẹrin

Mo bọ́ sórí odó tánganran, mo sì lọ òkúta náà ní gbígbẹ. Mo rò pé bó bá ṣe ń kúná sí i ni yóò máa dára sí i, mo sì lọ̀ ọ́ fún wákàtí kan gbáko títí ó fi rọ̀ bí àtíkè láàárín ìka mi. Nígbà tí mo gbé e sí ojú ọjọ́, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá. Ìdí ni pé ìmọ́lẹ̀ ní láti wọ inú hóró ìyẹ̀fun kí ó tó padà sí ojú wa: bí hóró bá tóbi díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ a rìn jìnnà nínú rẹ̀, àwọ̀ a sì jinlẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá kéré jù, òde ara rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìmọ́lẹ̀ ti ń ta padà, funfun a sì bò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti azurite aláwọ̀ búlúù. Ti hematite ló yàtọ̀, nítorí pé òkúta tó ń dán bí irin dúdú ni, àmọ́ pupa ni yóò yọjú bí a bá lọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Keje

Lọ́tẹ̀ yìí mo bu omi sí i, èyí tí kò jẹ́ kí eruku rẹ̀ gbéra wọ imú mi, mo sì ń fi ọmọ odó tẹ̀ ẹ́ dípò kí n máa yí i. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta ni mo ń dà á sórí asẹ́ tí ihò rẹ̀ jẹ́ 75 micron (micron kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan), kí èyí tó ti kúná lè bọ́ kúrò kí ó tó kúná jù, kí hóró tó kù sì padà sínú odó. Mo po èyí tó jọ̀ mọ́ omi nínú ife gíláàsì, mo jẹ́ kí ó silẹ̀ díẹ̀, mo sì rọra da omi òkè sínú ife kejì, lẹ́yìn náà sínú ìkẹta. Hóró tó tóbi tó ìdajì òmíràn ní ìbú yóò lo ìlọ́po mẹ́rin àkókò kí ó tó silẹ̀, nítorí náà omi lè ya ohun tí asẹ́ mi kò lè yà.

Ọjọ́ Kẹwàá

Gbogbo rẹ̀ ti gbẹ, mo sì bo imú kí n tó fọ́ èyí tó dì. Mo fi gọ́ọ̀mù pò wọ́n, mo sì kùn wọ́n sórí bébà funfun. Ti ife kìíní ló jinlẹ̀ jù, ṣùgbọ́n ó ń ṣe hóró-hóró lábẹ́ búrọ́ọ̀ṣì. Ti ìkejì ni mo ń wá. Ti ìkẹta kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí mo fi wákàtí kan lọ̀. Mo tún gbé irin òòfà kọjá lórí ìyẹ̀fun odó irin nígbà mẹ́ta, irun dúdú ṣì ń jáde.