Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá Tó Gba Òru Méjì Lọ́wọ́ Mi

Okun o, gbogbo ilé.

Ṣọ́ọ̀bù mi ní Kàbà, yàrá kan ṣoṣo ni. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin wà níbẹ̀ fún àwọn oníbàárà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjì, àti kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí mo gbé sábẹ́ tábìlì, tí Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) wà lórí rẹ̀. Òun ló ń gba íntánẹ́ẹ̀tì wọlé tó ń pín in fún àwọn yòókù. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ń ṣe é láìfọhùn. Lálẹ́ ọjọ́ Ajé kan mo fi kernel tuntun, ìyẹn ọkàn Linux gan-an, sí i. Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dákú.

Ká ní kò ṣiṣẹ́ rárá ni, ì bá sàn. Á ṣiṣẹ́ dáadáa, á kàn dákẹ́ lójijì. Iná ojú ihò tí waya wọ̀ á ṣì máa tàn, àmọ́ ohunkóhun kò ní kọjá. Tí mo bá pa á tí mo tún un tàn, ara rẹ̀ á balẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò ti tẹ tiẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń fi fọ́tò sí, gbogbo rẹ̀ sì lọ. Ó ní, "Bọ̀dá, àbí dátà yín ló tán?" Mo dá owó rẹ̀ padà fún un. Ó dùn mí gan-an, torí pé láti Ìyàrá ló ti wọ ọkọ̀ wá.

Kókó ohun tí kernel kọ sílẹ̀ nígbà tó dákú nìyí, dmesg, àṣẹ tó ń fi àkọsílẹ̀ kernel hàn, ni mo fi rí i:

NETDEV WATCHDOG: enp2s0: transmit queue 0 timed out

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kernel di ẹrù fún káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì pé kó gbé e jáde, ó ń retí pé kó wá jíṣẹ́, káàdì kò sì fọhùn títí àsìkò tí wọ́n dá fún un fi kọjá. Ibi tó mọ nìyẹn, kò sọ ẹni tó jẹ̀bi. Ó lè jẹ́ káàdì, ó lè jẹ́ driver (ètò tí kernel fi ń bá káàdì sọ̀rọ̀), ó lè jẹ́ ọ̀nà tó so káàdì mọ́ bọ́ọ̀dù. Ohun kan tó dá mi lójú ni pé tí mo bá padà sórí kernel àná, àárọ̀ di alẹ́ ni yóò fi ṣiṣẹ́. Ohun tó dára lánàá tí ẹ̀dà tuntun wá bà jẹ́, regression là ń pè é, àwọn tó ń ṣe Linux kì í sì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux sílẹ̀, fúnra rẹ̀ ti ń tẹnu mọ́ ọn ọjọ́ ti pẹ́ pé ẹ̀dà tuntun kò gbọ́dọ̀ ba ohun tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn èèyàn jẹ́. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ pe ẹjọ́ náà yóò mú ẹ̀rí wá, ẹ̀rí tó sì lágbára jù ni kó nawọ́ sí commit náà gan-an, ìyẹn ẹyọ àtúnṣe kan ṣoṣo tó dá wàhálà náà sílẹ̀.

Commit ọ̀hún pọ̀. Láàárín ẹ̀dà kan sí èkejì, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá, ohun tó ń wọlé máa ń ju 10,000 lọ. Ta ló fẹ́ kà á?

Ẹ̀gbọ́n mi kan ń ṣe iṣẹ́ páìpù. Nígbà kan, omi kò dé ilé wa mọ́ láti orí táǹkì, páìpù tó wà nínú ilẹ̀ sì tó ogójì ọ̀pá. Bọ̀dá kò gbẹ́ gbogbo rẹ̀. Àárín gbùngbùn ló gbẹ́, ó tú ìsopọ̀ tó wà níbẹ̀, omi sì tú yàà sí i lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Ibí títí dé táǹkì yè. Iwájú ló wà." Ó tún lọ gbẹ́ àárín ìdajì tó kù. Ihò mẹ́fà ló gbẹ́ tó fi rí ibi tó ti là. Ohun tí git bisect, àṣẹ kan nínú git tó ń tọ́jú ìtàn gbogbo commit, ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Wàá sọ fún un pé ẹ̀dà yìí dára, tọ̀hún kò dára, á gbé ọ lọ sí àárín wọn. Wàá ṣe compile ti ibẹ̀ (ìyẹn ni pé wàá sọ kóòdù rẹ̀ di kernel tó lè ṣiṣẹ́), wàá dán an wò, wàá dáhùn "good" tàbí "bad", á sì tún gé e sí méjì. Ìgbà 14 péré ti tó láti rí ẹyọ kan nínú 16,000.

Kí n tó lè bẹ̀rẹ̀, mo ní láti kó gbogbo ìtàn kernel wálẹ̀, ó sì ju gígábáìtì mẹ́ta lọ. Tí git clone, àṣẹ tó ń kó o wálẹ̀, bá já lójú ọ̀nà, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ló ń padà sí, bẹ́ẹ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀dọ̀ wa kì í ṣe èyí tí kì í já. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló já mọ́ mi lọ́wọ́ kí n tó rí i pé kernel.org ń gbé gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bíi fáìlì bundle kan ṣoṣo, tí wget -c sì lè máa bá a lọ láti ibi tó dúró sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Mopa, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ọ̀nà yẹn ni kẹ́ ẹ gbà. Fún compile, mo lo make localmodconfig kó lè jẹ́ pé ohun tí ẹ̀rọ mi ń lò nìkan ló máa ṣe. (Ẹ ki gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń lò bọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó pa àṣẹ yẹn. Ohun tí kò bá sí níbẹ̀ lásìkò náà, kò ní kà á mọ́ ọn.) Òru ni mo ń ṣe é, nígbà tí ṣọ́ọ̀bù ti tì, pẹ̀lú bátìrì inverter.

Ibi tí mo ti ṣìnà rèé. Bí kernel kọ̀ọ̀kan bá ti tàn, màá ṣí iperf3, màá da dátà lé káàdì lórí bí òjò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí kò bá dákú, màá kọ "good". Mo rò pé ẹrù tó wúwo jù lọ ni ìdánwò tó le jù lọ. Lẹ́yìn òru méjì, git bisect nawọ́ sí ẹlẹ́ṣẹ̀: commit kan tó ń tún ohùn ṣe nínú ẹ̀rọ tí kò bá tèmi tan rárá. Mo wò ó títí. Kò sí bí ohùn ẹ̀rọ ẹlòmíràn ṣe lè pa káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi lẹ́nu mọ́. Nígbà tí bisect bá gbé ọ dé irú ibẹ̀, mọ̀ pé o ti parọ́ fún un níbì kan. Ó sábà máa ń jẹ́ "good" lo ti parọ́, torí pé "bad" ní ẹlẹ́rìí: ìwọ fúnra rẹ rí i tó dákú. "Good" kò ní ju sùúrù rẹ lọ.

Mo padà sórí kernel tó ń dákú, mo mú ìwé àti bírò lọ́jọ́ Sátidé, mo jókòó ti ẹ̀rọ náà. Gbogbo ìgbà tó bá dákú, màá kọ aago sílẹ̀ àti ohun tí a ń ṣe. Láti aago mẹ́sàn-án sí aago méjì ààbọ̀, ó dákú nígbà 11. Ìyá kan wọlé láti Búnú pé kí n bá òun tẹ lẹ́tà ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ahunṣọ. Kó tó dé, ṣọ́ọ̀bù ti dá rọ́rọ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́fà. Mo tẹ bọ́tìnì báyìí, ó kú. Mo ka ìwé mi padà sókè, mọ́kànlá nínú mọ́kànlá, lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ ni. Nígbà tí ọmọ mẹ́rin ń wo fídíò pa pọ̀, kò dákú lẹ́ẹ̀kan.

Ṣé ẹ rí i? Ọ̀nà tó so káàdì mọ́ bọ́ọ̀dù, PCI Express, máa ń sùn tí iṣẹ́ kò bá sí, kó má baà jẹ iná. ASPM ni wọ́n ń pe ètò yẹn, oorun tó wọra nínú rẹ̀ sì ń jẹ́ L1. Káàdì tèmi ń sùn, kò wá lè jí. Iperf3 tí mo ń dà lé e lórí ni kò jẹ́ kó fojú kan oorun. Ìdánwò mi gan-an ló ń wò ó sàn!

Mo jáwọ́ nínú iperf3. Mo kọ script kékeré kan (àkójọ àṣẹ tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀) tó ń ta ping ẹyọ kan, ìyẹn ìpè kékeré tó ń retí ìdáhùn, tó ń dákẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú àáyá, tó tún ń ta òmíràn, tó tún ń dákẹ́ fún ọgọ́rin. Pẹ̀lú èyí, kernel búburú kì í sábà ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ kó tó dákú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Tí àìsàn bá ń yọjú ní ìṣẹ́jú mẹ́rin-mẹ́rin ní ìpíndọ́gba, láìní àkókò kan pàtó, tí o sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́rin péré, nǹkan bí 37 nínú 100 ni o kò fi ní rí i. Dúró fún méjìlá, ó kù 5. Dúró fún ogún, kò pé 1. Ogún ìṣẹ́jú ni mo wá sọ ọ́ di òfin fún ara mi, bí oorun tilẹ̀ ń kùn mí tó. Láìsí òfin yẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré tí irọ́ bá wọ àárín ìdáhùn 14, gbogbo ìyókù ti bàjẹ́.

Ìgbà kejì, ó gbé mi sórí commit kan nínú driver káàdì mi gan-an, kò ju ìlà mẹ́wàá lọ. Ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ kí bátìrì laptop pẹ́ sí i, ó wá ṣí L1 fún irú ẹ̀yà káàdì kan tí wọ́n ti ń dì í mú fún tẹ́lẹ̀. Ara mi gbọ̀n. Síbẹ̀ mi ò kọ lẹ́tà lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo kọ́kọ́ kọ 0 sínú fáìlì l1_aspm ti káàdì náà lábẹ́ /sys, èyí tó ń dá oorun L1 dúró, lórí kernel tó ń dákú: kò dákú mọ́. Mo kọ 1 padà, ó dákú. Lẹ́yìn náà mo mú kernel tó tuntun jù lọ lọ́jọ́ náà, mo fi git revert yọ commit yẹn nìkan kúrò, mo sì jẹ́ kí script ṣiṣẹ́ mọ́jú. Kò sí ìdákú kankan.

Ìgbà yẹn ni mo wá jẹ́ kí scripts/get_maintainer.pl fi àwọn tó yẹ kí n kọ̀wé sí hàn mí. Mo fi ọ̀rọ̀ REGRESSION ṣáájú àkọlé lẹ́tà náà. Nínú rẹ̀ mo kọ nọ́ńbà commit náà, ohun tí lspci -nn sọ nípa káàdì, ìlà dmesg, git bisect log lódindi, àti bí ẹlòmíràn ṣe lè mú un dákú fúnra rẹ̀. Mo kọ ọ́ ṣókí. Ọjọ́ kejì ni ìdáhùn dé láti ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ commit yẹn. Kò bá mi jiyàn. Ó béèrè nọ́ńbà ẹ̀yà káàdì náà, ó dúpẹ́ fún ìṣirò ogún ìṣẹ́jú yẹn, ó sì fi patch (àtúnṣe) kan ránṣẹ́ tó dá oorun L1 dúró fún ẹ̀yà tèmi nìkan, tí àwọn onílaptop fi lè máa jẹ ìgbádùn tiwọn lọ.

Mo ṣe compile rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn tí mo ti ṣọ́ọ̀bù. Mo tan script, mo lọ sílé. Ní aago méje àárọ̀ mo ṣí ilẹ̀kùn, mo tẹ kíbọọ́dù kí ojú kọ̀ǹpútà lè mọ́lẹ̀, mo sì ka gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀: ping kọ̀ọ̀kan ní ìdáhùn tirẹ̀. Mo kọ̀wé padà, mo fi Tested-by, ìlà tó ń sọ ẹni tó dán an wò, sí i pẹ̀lú orúkọ tí bàbá mi sọ mí, pẹ̀lú àmì ohùn orí rẹ̀.