Láti Oníkàn dé Ìgá Ìdúngànrán: Erékùṣù Èkó ní ọjọ́ Àìkú

Ẹni tó bá fẹ́ wo Erékùṣù Èkó dáadáa, kó má lọ lọ́jọ́ tí ọjà Balógun bá ń gbóná. Kì í ṣe tìtorí èrò nìkan. Òkè ni èèyàn ti ń rí ẹwà àwọn ilé àtijọ́ ibẹ̀, lókè ibi tí àwọn oníṣòwò ń fi aṣọ kọ́ sí, agbòòrùn àti pátákó ìpolówó ọjà sì máa ń bò wọ́n láti ọjọ́ Ajé títí di Àbámẹ́ta. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló dára, nígbà tí wọ́n bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹni tó ń bọ̀ láti apá Mile 2 lè wọ ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lọ sí Marina ní oṣù Kẹsàn-án 2023. Káàdì Cowry ni wọ́n fi ń wọlé. Ẹ fi owó àlọ àti àbọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì béèrè àkókò ọkọ̀ ìkẹyìn kí ẹ tó kúrò ní ibùdókọ̀. Láti ibẹ̀, ẹ wọkọ̀ lọ sí Oníkàn, kí ẹ wá máa fẹsẹ̀ rìn padà.

Ní Oníkàn, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní 1957 ni ẹ ó kọ́kọ́ wò. Mọ́tò tí wọ́n ti yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì 1976 wà níbẹ̀, pẹ̀lú ihò ọta lára rẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí èèyàn ya fọ́tò nínú ilé náà. Freedom Park wà ní Broad Street, níbi tí ẹ̀wọ̀n ìjọba amúnisìn wà tẹ́lẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń so èèyàn kọ́ nígbà náà ló di orí ìtàgé báyìí. Ẹ má yára jáde níbẹ̀. Ẹ rọra wo bí wọ́n ṣe jẹ́ kí ìlà àwọn yàrá ẹlẹ́wọ̀n ṣì hàn nílẹ̀.

Àdúgbò Àgùdà ni ọkàn ìrìn yìí: Campos, Bámgbóṣé, Tòkunbọ̀, Igbóṣẹrẹ. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti Cuba, tí àwọn àtọmọ wọn sì padà bọ̀, ló kọ́ àwọn ilé ibẹ̀. Ẹ wo etí fèrèsé: wọ́n fi ohun ìrẹ́ ògiri ṣe ọnà yí i ká, gíláàsì tó dà bí ìdajì òṣùpá wà lókè ilẹ̀kùn, irin onílà sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè. Ilé ẹbí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn ajogún bá ti di ogójì, kò sẹ́ni tí yóò dá ra páànù òrùlé. Òjò á wọlé, ògiri á rọ̀, ẹni tó fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ìgbàlódé á sì mú owó wá. Ẹ kí àwọn àgbà tó jókòó níwájú ilé kí ẹ tó gbé fóònù sókè. Ẹni tó bá kàn ń ya fọ́tò láìkí ẹnikẹ́ni ni àwọn ọmọ àdúgbò máa ń dá dúró.

Ní òpópónà Kakawa ni Ilé Olómi ti João Esan da Rocha wà, ọmọ Iléṣà tí wọ́n kó lọ sí Bahia, tó sì padà. Omi kànga ilé náà ni wọ́n ń tà fún ará ìlú. Títí di òní, àwọn àgbà Èkó ṣì ń sọ pé ẹnì kan "lówó bíi Da Rocha". Ìta ni kí ẹ ti wò ó, àfi bí onílé bá pè yín wọlé.

Ní ojúde Tinúbú, ẹ ó rí àyè ibi tí Ilọ́jọ̀ Bar, ilé àwọn Àgùdà àtijọ́ kan, wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ ní 1855, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, wọ́n sì wó o ní oṣù Kẹsàn-án 2016. Ó dùn wá gidigidi, torí ìkéde náà kò dáàbò bò ó.

Mọ́sáláṣí Shitta-Bey ní Martins Street ni ká wá lọ wò. Àwọn èèyàn máa ń ṣì í mú fún Mọ́sáláṣí Gbogbogbòò tó wà ní Nnamdi Azikiwe. João Baptista da Costa, ọmọlé Àgùdà, ló kọ́ ti Shitta-Bey, wọ́n sì ṣí i ní 1894. Ìdí nìyẹn tí iwájú rẹ̀ fi jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì Brazil. Ẹ dúró kí wọ́n kírun tán, ẹ bọ́ bàtà, kí obìnrin bo orí.

Ìgá Ìdúngànrán, ààfin Ọba Èkó, ni ìparí ìrìn. Ìtàn ní oko ata Àrómirẹ ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ kò bá ti gba àṣẹ sílẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni ẹ ó dé mọ. Bí ọjọ́ yín bá sì bọ́ sí ọjọ́ Ẹ̀yọ̀, bàtà, sìgá, irun ṣùkú àti kẹ̀kẹ́ ni èèwọ̀, wọn kì í sì í yọ àlejò sílẹ̀.