Lọ́fínńdà tí kì í pariwo

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ìyàwó mi ṣe ọjọ́ ìbí, mo bá yà sí Balógun lẹ́yìn iṣẹ́. Lọ́fínńdà ni mo fẹ́ rà, kì í ṣe irú èyí tó máa ń ṣíwájú ẹni wọlé. Ọmọbìnrin tó ń tajà ní òun ní i: òdòdó funfun, jásímíìnì àti tuberose, tí wọ́n wá fi iris, òdòdó mìíràn, ṣe bíi pọ́dà. Ó ní gbòǹgbò iris ni wọ́n ń lò. Wọ́n á wú u, wọ́n á sá a, wọ́n á fi pamọ́ fún bí ọdún 3 kó tó máa ta sánsán. Ọdún 3! Bí wọ́n bá ṣe èlùbọ́ báyẹn, ta ló máa jẹ àmàlà?

"Dádì, eléyìí kì í pariwo. Ẹni tó bá dì mọ́ yín nìkan ló máa gbọ́ òórùn ẹ̀."

Ó fín in sí ọrùn ọwọ́ mi òsì. Ọtí ló kọ́kọ́ gba imú mi, bí ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ gúnni lábẹ́rẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni òdòdó jáde, ó ki, ó dùn, ó sì fẹ́ jọ káńfọ̀ tí màmá mi máa ń fi sáàárín aṣọ òfì. Kò pẹ́, òdòdó rọlẹ̀, ó wá ku pọ́dà, rọ̀ọ̀, bí àyà ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Ó wù mí. Nígbà tó ṣe, mo tún gbé ọwọ́ símú, mi ò gbọ́ nǹkan kan.

"Ó ti lọ."

"Kò lọ, sà. Imú yín ló ti mọ̀ ọ́n."

Èmi tí mo fẹ́ san ₦38,000? Mo ní kó fín in sí ọ̀tún. Ó fín in. Mo ní kó fín in sí ọrùn. Ìgbà tó yá, mo gba ìgò lọ́wọ́ ẹ̀, mo fín in sáyà ẹ̀wù ara mi lẹ́ẹ̀mẹta.

Inú dánfó Òjòta ni ooru ti gbé máìkì fún un. Sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ lórí Third Mainland, èèyàn mẹ́rin lórí ìjókòó kan, èmi ò sì gbọ́ òórùn kankan. Ìyá tó jókòó tì mí fa imú lẹ́ẹ̀mejì, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ kú ewu ọmọ o."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe ń ṣàlàyé gbòǹgbò iris fún ìyá àgbà nínú gò-sílóò? Mo ní, "A dúpẹ́, mà."

"Akọ ni àbí abo?"

"Ìbejì ni, mà."

Irọ́ kọ́. Ìbejì ni mo bí. Wọ́n ti pé ọdún 11.

Ariwo ta. Kọ̀ndọ́ ní, "Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn!" Ìyá náà tú etí ìró, ó fa ₦500 yọ, ó ní kí n fi ra ẹ̀wà fún wọn. Mo kọ̀ ọ́, ó ní wọn kì í kọ owó ìbejì. Ẹnì kan níwájú fi ₦200 kún un. (Kọ̀ndọ́ tó ń kígbe Ẹ̀jìrẹ́ yẹn ò fún mi ní ṣéńjì mi títí dòní.)

Mo délé. Ìyàwó mi gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó dúró.

"Bàbá Ìbejì, ọmọ ta lẹ gbé?"

"Mi ò gbé ọmọ kankan."

Ó fi imú sí ọrùn mi. Ó fi sí àyà mi. Inú báàgì tó gbé dání yẹn ni ìgò wà, mo sì fẹ́ kó dọjọ́ ìbí. Mo fa áńkáṣífù yọ kí n fi nu òógùn, ₦500 àti ₦200 bá a jáde.

"Owó wo nìyí?"

"Wọ́n ní kí n fi ra ẹ̀wà fún ìbejì."

"Ìbejì wo?"

"Àwọn tí wọ́n ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí."

"Níbo lo bí wọn sí?"

Ọdún 13 tí a ti ṣègbéyàwó, "ẹ" ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe gbọ́ "o" yẹn, mi ò rántí ọjọ́ ìbí mọ́. Mo já báàgì gbà, mo gbé ìgò jáde, mo rò gbogbo ẹ̀ láti Balógun.

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó fín in sí ọrùn ọwọ́, ó ní ó dára. A jẹun tán, ó tún gbé ọwọ́ símú.

"Bàbá Ìbejì, ó ti lọ o."

Mo ní kò lọ, imú ẹ̀ ló ti mọ̀ ọ́n. Ó wò mí bíi pé mo fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ, ó tún gbé ìgò.