Wáyà Tí Mo Fojú Fò: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Power Amplifier 60 GHz Lórí CMOS

Nígbà tí mo ṣírò power amplifier mi àkọ́kọ́ (ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún ìgbì rédíò kó tó lọ sí áńtẹ́nà) fún 60 GHz lórí kọ̀ǹpútà, ohun gbogbo gún régé. Àmọ́ nígbà tí chip náà dé lẹ́yìn oṣù mélòó kan, tí mo gbé abẹ́rẹ́ ìwọ̀n lé e lábẹ́ máíkírósíkóòpù, agbára tó ń jáde kò tó ìdajì ohun tí mo ṣírò, ibi tó sì ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù ti sún wálẹ̀ sí nǹkan bíi 54 GHz. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń wá àbùkù náà lára transistor. Kò sí níbẹ̀. Inú wáyà ló wà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé láti orí iná tí transistor lè gbà. Transistor CMOS 28 nm (irú transistor bíńtín tí wọ́n fi ń ṣe chip kọ̀ǹpútà) kò fẹ́ ju nǹkan bíi volt 1 lọ, nítorí bí iná bá ń pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ìpele tín-ín-rín tó wà lábẹ́ gate rẹ̀, ìyẹn ẹnu tí àmì (signal) ń gbà wọlé, yóò bàjẹ́. Bí ìgbì tó ń jáde kò bá lè ga ju volt 1 lọ, tí a sì fẹ́ 100 mW, a jẹ́ pé ẹrù (ìdènà tó ń gba agbára rẹ̀) tí transistor náà yóò rí níwájú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ohm 5 lọ, bẹ́ẹ̀ ohm 50 ni áńtẹ́nà sábà máa ń jẹ́. Wàyí o, wáyà orí chip tí kò gùn ju 10 µm lọ máa ń ní inductance (ìtakò sí ìyípadà iná) tó 10 pH, èyí tó jẹ́ ìdènà tó sún mọ́ ohm 4 lórí 60 GHz. Ẹ gbé ohm 4 yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohm 5. Wáyà bíńtín tí mo fi so transistor mọ́ irin òkè (ìpele irin tó wà lókè chip), tí mi ò kà sí rárá, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹrù náà fúnra rẹ̀.

Láti ìgbà náà, mi ò kì í fi transistor ìhòòhò ṣírò mọ́. Mo máa ń kọ́kọ́ ya transistor pẹ̀lú gbogbo wáyà rẹ̀ títí dé irin tó nípọn jù lókè, títí kan ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí ground, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá tiransífọ́mà tí yóò sọ ohm 50 áńtẹ́nà di ẹrù tó bá a mu. Bí agbára transistor kan kò bá tó, mo máa ń fi tiransífọ́mà pa agbára méjì tàbí mẹ́rin pọ̀. Èmi kì í kọjá mẹ́rin, nítorí pé bí ìpapọ̀ ṣe ń pọ̀ ni òfò ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ 1 dB péré tó bá ṣòfò níbi àbájáde ti gbé ìdá kan nínú márùn-ún agbára lọ.

Lórí chip kejì, omi tún tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Mo fi capacitor méjì dábùú láàárín transistor méjì tó ń ṣiṣẹ́ ní òdìkejì ara wọn, kí wọ́n lè pa ohun tó ń jò láti drain (ẹnu tí àmì ń gbà jáde) padà sí gate rẹ́. Wọ́n pa á rẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìhà méjèèjì bá ń lọ sókè sódò pa pọ̀, ṣe ni capacitor wọ̀nyí máa ń fi kún jíjò náà. Wáyà tó ń gbé iná wọ inú chip náà gùn, ó sì ń ní inductance nǹkan bíi 1 nH (1,000 pH) fún milimítà kọ̀ọ̀kan. Mi ò tíì fún un ní àmì kankan tí òkè ṣóńṣó kan ti yọ lójú ẹ̀rọ ìwọ̀n: amplifier náà ń hó fúnra rẹ̀ bí máíkì tó dojú kọ sípíkà.

Resistor kékeré tí mo fi sí àárín tiransífọ́mà àbáwọlé, níbi tí iná gate ń gbà wọlé, àti òmíràn tí mo tò tẹ̀lé àwọn capacitor ńlá ẹ̀gbẹ́ iná, ni wọ́n pa ariwo náà. Nísinsìnyí, mo máa ń yẹ ìṣesí méjèèjì wò, ti ìgbà tí ìhà méjèèjì ń ṣe òdìkejì ara wọn àti ti ìgbà tí wọ́n ń lọ pa pọ̀, láti ìsàlẹ̀ pátápátá títí kọjá 100 GHz, kì í ṣe ní àyíká 60 GHz nìkan.

Nígbà tí chip kẹta dé, mo tan iná rẹ̀ láìfún un ní àmì, mo sì jókòó ti ẹ̀rọ ìwọ̀n fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tí mò ń dín iná gate kù, tí mo tún ń fi kún un. Ìlà náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìgbà náà ni mo tó fún un ní 60 GHz.