Ìlànà

Ọjọ́bọ̀, alẹ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni kò jẹ́ kí n sinmi láti àárọ̀. Níléèwé wọn, wọ́n ní kí kálukú wọn lọ bi àwọn ará ilé rẹ̀ ní orúkọ tí èdè wọn ń pe ohun tí wọ́n gbà lọ́kàn, tí wọ́n sì fi ń tọ́ ara wọn sọ́nà. "Àǹtí, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ o."

Ìgbàgbọ́ ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn. Tí mo bá ní mo gba Ọlọ́run gbọ́, àárín gbùngbùn ni Ọlọ́run wà, gbà ń bẹ níwájú rẹ̀, gbọ́ ń bẹ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n téèyàn bá ní "ìgbàgbọ́ ni wọ́n" ládùúgbò wa, oníṣọ́ọ̀ṣì ló ń sọ. Bẹ́ẹ̀, ilé tiwa ní Mùsùlùmí, ó ní oníṣẹ̀ṣe. Òfin ńkọ́? Òfin ní ọlọ́pàá lẹ́yìn. Èèwọ̀ sì rèé, ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe nìkan ló mọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù Màmi ni mo gbé gbogbo èyí lọ. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tuntun kan ti tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó ti ki ìka bọ sísọ́ọ̀sì.

"Ìlà ẹ dà?" Màmi ò tiẹ̀ gbójú sókè lórí máṣíìnì.

Ọmọ náà gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó fà á láti èjìká dé abíyá, díẹ̀díẹ̀. Ìlà funfun yẹn ni mo ń wò tí ìlànà fi bọ́ sí mi lẹ́nu.

La ọ̀nà ló di lànà, lànà ló bí ìlànà. Ẹnì kan ti ní láti mú àdá wọ igbó kó tó di pé a ní ọ̀nà tí à ń tọ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, lábúlé bàbá wa àgbà lẹ́bàá Ìwó, tí òjò bá ti rọ̀ tí koríko ti gba ẹsẹ̀ ọ̀nà, àwọn ọkùnrin á jáde lọ yẹ̀nà. Àwa ọmọdé á máa gbé omi tẹ̀ lé wọn. Ọdọọdún ni. Ọ̀nà oko tí àwọn tó ni ín kó lọ sílùú, ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, n kò rí ojú ẹ̀ mọ́. Igi ti hù láàárín ẹ̀.

Nínú Bíbélì tí wọ́n tẹ̀ parí lọ́dún 1884, èyí tí Àjàyí Crowther ṣiṣẹ́ lé lórí, ìlànà pọ̀ nínú Sáàmù 119. "Kọ́ mi ní ìlànà rẹ." Mo ti ń kà á láti kékeré, n kò gbọ́ ọ̀nà nínú ẹ̀ rí àfi lónìí.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, oníbàárà kan wá gbé léèsì ẹ̀. Màmi na ọ̀rá kékeré kan sí i: gígé léèsì tó ṣẹ́kù, kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, wọ́n kọ orúkọ obìnrin náà mọ́ ọn lára.

"Ẹ dà á nù, Màmá. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹ gbà á, ẹ̀yin lẹ ni ín. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ dà á nù."

Mo ti mọ ìlànà yìí kí n tó mọ òwú í ki bọ abẹ́rẹ́. N kò rí ọjọ́ kan tí Màmi fi aṣọ aláṣọ rán búbà fún ọ̀kankan nínú wa, kódà lọ́dún tí kò sówó Kérésì. Mo sunkún lọ́dún náà. Inú mi dùn báyìí pé kò ṣe é.

Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí ọmọ náà, mo ṣàlàyé igbó, mo ṣàlàyé àdá. Kò pẹ́ tó fi dáhùn.

"Ẹ ṣé, Àǹtí. Ta ló wá la ọ̀nà tiwa?"

Màmi ń ká téèpù ẹ̀ lọ́wọ́, ó fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù. Mo gbé fóònù náà fún un.